Òpó Tí Kò Ru Ilé Rí

Kò sí ohun tí ń tètè tú ìwà ènìyàn síta bí ebi. Nígbà tí iṣu kún àká, àlejò ni gbogbo ará Àkúrẹ́ ń pe àwọn ará Oǹdó tó sá wá bá wọn. Wọn a tilẹ̀ fi "pàtàkì" kún un. Ṣùgbọ́n ogun Àgànná, balógun tó ń kó ènìyàn tà lẹ́rú, ti yí odi ìlú ká láti ìgbà àgbàdo tuntun. Ọyẹ́ ti dé báyìí, olówó ń se èèpo iṣu jẹ, tálákà kò sì rí èèpo. Orúkọ àlejò wá yí padà, wọ́n di "ẹnu." "Ẹnu wọ̀nyẹn ti pọ̀ jù nínú ìlú yìí," ni àwọn obìnrin ń wí létí odò Àlà, wọn kì í sì í rẹ ohùn sílẹ̀ mọ́ bí ọmọ Oǹdó bá ń pọn omi nítòsí.

Akíntóyè gbọ́ ọ, ó sì dùn ún wọ egungun. Òun ni olórí ogun àwọn ará Oǹdó wọ̀nyí láti ìgbà tí ìjà àárín ara wọn ti tú ìlú wọn ká, tí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló ń ṣọ́ bodè ìsàlẹ̀, níbi tí odi ti kúrú jù, tí ọta ìbọn Àgànná sì ń bà lójoojúmọ́. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sàréè níbẹ̀ débi pé ọwọ́ wọn ti mọ erùpẹ̀ onílùú ju bí onílùú fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ. Síbẹ̀, ẹnu ni wọ́n. Monílọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ní ọmọ lọ́wọ́, ọmú rẹ̀ sì ti ń gbẹ. Ọmọ́táyọ̀, àbúrò Akíntóyè, aláwàdà tí kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́, nìkan ló ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "bí wọ́n bá pè mí lẹ́nu, kí wọ́n kúkú fún mi lóhun tí n óò fi sí i."

Ọjọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pe Akíntóyè sí ìgbìmọ̀, ó ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn ni wọ́n fẹ́ sọ.

Ùà ni àwọn ará Àkúrẹ́ ń pe àgbàlá ààfin. Nínú ùà tí wọ́n ti ń gbìmọ̀, òpó gbígbẹ́ ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ró yíká, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló sì ni tirẹ̀: ti ibí ń gun ẹṣin, ti ọ̀hún ń mu ìkòkò tábà, òmíràn gbé àdá lé èjìká. Olórí àdúgbò a jókòó, a fi ẹ̀yìn ti òpó àwọn baba rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní òpó kò ní ẹ̀yìn. Ààrin gbùngbùn ni yóò dúró sí, nínú oòrùn tàbí nínú òjò, yóò máa dáhùn ìbéèrè. Ilé tó lẹ́wà ni, kí a má purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tó lè tètè sọ fún àlejò pé àlejò ni bíi ti ibẹ̀.

Adébùsóyè ló ń darí ìgbìmọ̀, àgbà gíga kan tí aṣọ funfun kì í kúrò lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìgbà ogun, ìbáà jẹ́ ìgbà ọ̀tẹ̀. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ohun tó tilẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le nìyẹn, nítorí ìkà ṣeé bínú sí.

"Akíntóyè, ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, akin tí í fi àyà pàdé ọta," ni ó wí. "A rí uṣẹ́ ọwọ́ rẹ ní bodè, a kò sì ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó kù nínú àká ùlú yìí kò tó wa í jẹ. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò. Ẹni tí kò bá ní òpó nínú ùà yìí, kó máa lọ. Àwọn jagunjagun rẹ lè dúró. Obìnrin, ọmọdé àti arúgbó yín ni yóò jáde."

"Kí wọ́n jáde lọ síbo, bàbá? Àgànná ló wà lẹ́yìn odi. Èyí tó bá ṣeé tà nínú wọn, á tà á. Èyí tí kò bá ṣeé tà, ẹ mọ ohun tí yóò fi ṣe."

Olóyè kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàńpàkò nu ẹsẹ̀ òpó rẹ̀, bí ẹni pé eruku ló wà níbẹ̀.

Akíntóyè dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú oòrùn. Bí ó ti gbójú sókè láti ilẹ̀ ni ó rí igun kan lápá ọ̀tún. Òpó tó wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ ti jẹrà, àdúgbò tó ni ín ti run, igi lásán ni wọ́n fi gbé àjà ibẹ̀ ró.

"Igun yẹn ńkọ́?" ni ó wí. "Ẹ fún wa ní igun yẹn. Àwa náà ní òpó nílé. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e wá."

Àwọn olóyè kùn. Adébùsóyè gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì dákẹ́.

"Kì í ṣe òpó tí a gbẹ́ lánàá o," ni ó wí. "Òpó tí kò ru ulé rí kò mọ ìwúwo, kò sì lè bá wa búra. Èyí tó ti ru ulé ní ùlú yín, tí tẹrú-tọmọ ti jókòó sábẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá gbé e dé, tí ẹ rì í mọ́bẹ̀, ẹ ti di àdúgbò kan nínú Àkúrẹ́ Olóyèmẹ́kùn nìyẹn. A kì í lé olópòó. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yọ òpó ulé baba rẹ̀, kò ní ubi tí yóò padà sí mọ́."

Akíntóyè fi ahọ́n kan irin idà rẹ̀. "Bí n kò bá gbé òpó dé kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, kí irin tí mo lá yìí là mí sí méjì." Wọ́n gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Àgànná dojú kọ ìkòkò ọbẹ̀, ó kó ìwọ̀nba ọkùnrin, wọ́n rá pálá gba inú àbàtà jáde. Ọmọ́táyọ̀ wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n gba inú igbó, wọn kò gba ọ̀nà. Wọ́n la odò Ọ̀wẹnà kọjá, omi dé wọn láyà. Òkè Ìdànrè wà lọ́wọ́ òsì wọn lókèèrè, dúdú, kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n rí jẹ lọ́nà kò ju èso igbó lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn.

Oǹdó ti di igbó. Ẹni tó bá mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ wà rí yóò rí ewúro níbẹ̀, yóò rí ògiri tó ti yọ́ padà di ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà dúró níwájú òkìtì kan, ó ń sunkún, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó sun ún tán. Ohun kan ṣoṣo ló dúró láàrin ìlú: ilé ìpàdé. Èéfín ń jáde lórí rẹ̀.

Kìtán, ìyá Akíntóyè, ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìlú tú, gbogbo ìdílé ti búra níbẹ̀ pé bí ilé ìpàdé bá ṣì dúró, Oǹdó kò tíì kú, àwọn yóò sì padà wá bọ́jọ́ bá pẹ́. Gbogbo wọn búra, gbogbo wọn lọ. Arúgbó yìí nìkan ló kọ̀ láti kúrò. Ojoojúmọ́ ló ń dá iná igi tútù sábẹ́ àjà, kí èéfín má baà jẹ́ kí ikán jẹ igi, kí ewé gbọ̀dọ̀gí tí wọ́n fi bo òrùlé má baà rà.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó wí, bí ẹni pé oko ni wọ́n ti dé. "Ẹ kò rù báyìí nígbà tí ẹ lọ."

"Yèyé, òpó la wá gbé."

"Òpó wo?"

"Abiyamọ."

Iwájú ilé náà gan-an ni Abiyamọ dúró sí: obìnrin tó kúnlẹ̀, ó pọn ọmọ, ó sì gbé àwo lé orí lábẹ́ àjà. Igi apá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kò sí ọmọ Oǹdó tí wọn kò gbé wá fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìyàwó tuntun a kúnlẹ̀ fún un, ẹni tó ń lọ sógun a fọwọ́ pa á kó tó jáde. Orúnkún rẹ̀ ti dán. Bí o bá bi ọmọdé kan ní Oǹdó pé ta ló ru ilé ìpàdé, á ní Abiyamọ ni, bí o bá sì bi baba rẹ̀, ohun kan náà ni yóò wí.

Ìyá náà fi igi sí iná. "Ṣé ẹ fẹ́ wó ilé náà lé mi lórí?"

"A óò mú yín lọ."

"N kò lọ síbì kankan."

"Yèyé, ẹ gbọ́ mi." Akíntóyè kúnlẹ̀. "Kò sí omi lọ́mú Monílọ́lá mọ́. Bí òpó yìí kò bá dé Àkúrẹ́, wọn óò ti òun àtọmọ jáde fún Àgànná, àti gbogbo ìyókù wa. Ọmọ ọmọ yín ni. Ẹ kò tíì rí i."

Ìyá náà dìde, ó bu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ẹsẹ̀ òpó náà bí wọ́n ti ń wẹ ọmọ. "Ìlú tí kò lọ́mọ, ìlú wo nìyẹn?" ni ó wí. "Ẹ yọ ọ́." Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó bọ́ síta, ó padà lọ jókòó ti iná rẹ̀ lábẹ́ àjà. "Bí yóò bá wó, kó wó. Mo ti pẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ jù láti máa wò ó látòókèèrè."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Àgbà Oǹdó bá ti pinnu, ó di kí èèyàn máa bẹ odò Ọ̀wẹnà pé kó ṣàn padà. Báyìí ni Akíntóyè ṣe walẹ̀ ẹsẹ̀ òpó náà fúnra rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ń wò ó láti abẹ́ àjà. Gbogbo ìgbà tó bá bu erùpẹ̀ ló ń rò pé òun ń gbẹ́ sàréè. Wọ́n so okùn, wọ́n fà á, wọ́n sì di ojú wọn pinpin.

Eruku dà sílẹ̀. Ọmọńlé kan já bọ́, ó sì sá lọ. Ilé kò mì.

Ọmọ́táyọ̀ ló kọ́kọ́ la ojú. Ó wo òkè, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì fi ara yí ilẹ̀. "Oǹdó kò wó o! A yọ òpó, ilé ò wó! Àwọn baba wa ló fọwọ́ dì í mú!" Wọ́n bú sí orin, àwọn ọkùnrin tí ebi fẹ́ẹ̀ pa lánàá ń jó. Akíntóyè gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún ayọ̀. A rí èyí tí a ó gbé lọ, a tún rí èyí tí a óò padà sí: irú oore wo lèyí? Ìyá náà nìkan ni kò yọ̀. Ó gbójú sí àwọn òpó dúdú tó tò sẹ́yìn, igi gbọọrọ tí ẹnikẹ́ni kò fín nǹkan kan sí lára, tí èéfín ti bò. Ó wò wọ́n pẹ́. "Ẹ máa lọ kíá," ló kàn wí, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Wọ́n fi ewé wé Abiyamọ, wọ́n gbé e lé èjìká ní méjìméjì, wọ́n sì tún gba inú àbàtà wọlé lóru kí ọjà tó pé.

Nígbà tí wọ́n tú ewé náà nínú ùà, àwọn ará Àkúrẹ́ kígbe. Kò sí òpó tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ láàfin, wọ́n sì sọ ọ́, nítorí ará Àkúrẹ́ kì í fojú di iṣẹ́ ọwọ́. Akíntóyè dúró, àyà rẹ̀ gbòòrò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan. Adébùsóyè sọ̀kalẹ̀ láti ìjókòó rẹ̀. Ó fọwọ́ pa orúnkún Abiyamọ, ó pa ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó sì pa àwo tó wà lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Níbo ni ojú ẹrù rẹ̀ wà?"

Kò yé Akíntóyè. Àgbà náà mú un lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan orí òpó kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí igi àjà ti jẹ wọ inú rẹ̀, jíjìn bí ojú ọgbẹ́. Ó mú un dé orí òmíràn, bákan náà. Lẹ́yìn náà ó dá ọwọ́ rẹ̀ padà sórí àwo Abiyamọ. Ó dán. Ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére ṣì wà níbẹ̀, kedere, bí ẹni pé àná ló parí iṣẹ́.

"Òpó yìí kò ru ulé rí, ọmọ mi," ni Adébùsóyè wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀wà ni wọ́n fi í ṣe. Ṣé ulé yín wó nígbà tí ẹ yọ ọ́?"

Nígbà náà ni ó yé e. Ó rí àwọn igi dúdú ẹ̀yìn wọ̀nyẹn lójú ara rẹ̀, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ fún rí, tí wọn kò lórúkọ. Láti ayé baba ńlá wọn, orúnkún ohun tí kò ru nǹkan kan ni wọ́n ti ń fọwọ́ pa, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó rù wọ́n. Ohun tí wọ́n jó fún ní Oǹdó ló dá wọn lẹ́bi ní Àkúrẹ́. Ó wẹ̀yìn wo Ọmọ́táyọ̀, ṣùgbọ́n Ọmọ́táyọ̀ kò ní àwàdà kankan lẹ́nu.

"Ní òwúrọ̀ ọ̀la ni wọn yóò jáde," ni ìgbìmọ̀ wí.

Monílọ́lá ti di ẹrù rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó délé. Ìròyìn burúkú kì í fi ẹsẹ̀ rìn. "Ìwọ dúró," ni ó wí. "Wọ́n ní kí ẹ̀yin ọkùnrin dúró. Ó sàn kí ẹnì kan kù."

"N kò ní ṣọ́ ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbà tì ọ́ jáde."

Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ọkùnrin Oǹdó ti sọ̀kalẹ̀ lórí odi. Wọ́n dúró ti àwọn obìnrin wọn lẹ́nu bodè ìsàlẹ̀, wọ́n gbé Abiyamọ lé èjìká, nítorí èèyàn kì í ju ìyá rẹ̀ nù torí pé ọ̀lẹ ni. Adébùsóyè dé pẹ̀lú àwọn olóyè láti wá ṣí ìlẹ̀kùn. Ó gbójú sókè. Odi ṣófo láti igun dé igun.

"Akíntóyè, ta ló wà lórí odi?"

"Ẹni tó ní òpó ni, bàbá."

Àwọn alamí Àgànná náà ti rí ohun tí àgbà náà rí. Ìbọn dún, igbe ogun sì bú jáde láti inú igbó. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ èyí tí yóò ṣe, wọ́n ti ń fi igi ńlá lu ìlẹ̀kùn láti òde. Òpó tó gbé ìtí òkè bodè ró sán, ó là. Ilé amọ̀ tó wà lórí bodè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bí ìtí yẹn bá já, ìlẹ̀kùn já nìyẹn, àwọn obìnrin àtọmọ wọn ló sì dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ gun odi!" ni Akíntóyè ké. Wọ́n gùn ún. Ọmọ́táyọ̀ kò gùn ún. Ó ti sá wọ abẹ́ ìtí náà, ó fi èjìká méjèèjì gbé e, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Ẹ gbé Abiyamọ wá!" ni ó ń pariwo. "Ẹ yára, ẹ̀yin èèyàn yìí, èmi ò lẹ́wà tó òpó o!"

Akíntóyè àti àwọn mélòó kan gbé e sáré wá. Wọ́n tì í sábẹ́ ìtí, wọ́n fi òòlù gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀. Ìtí náà yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ara gbá ògiri, kó tó jókòó sórí àwo Abiyamọ. Àwo náà sán, igi jẹ igi, ó kérora, ó sì dúró. Àárín ìtí àti ògiri ni Ọmọ́táyọ̀ wà nígbà tó yẹ̀.

Ìjà náà kò pẹ́. Àwọn ará Àkúrẹ́ náà sáré gun odi, ìlẹ̀kùn kò já, kí oòrùn sì tó kan àtàrí, àwọn ọmọ ogun Àgànná ti padà sẹ́yìn. Monílọ́lá ló gbé orí Ọmọ́táyọ̀ lé itan. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni pé àwàdà kan ṣẹ́ kù tó fẹ́ ṣe. Akíntóyè pa ojú rẹ̀ dé, ó sì ké bí ọmọdé níṣojú gbogbo ìlú, ojú kò tì í.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú kúrò, Adébùsóyè súnmọ́ Abiyamọ. Ó na ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ kan ibi tí ìtí ti jẹ wọ orí rẹ̀. Ó jìn.

"Ó ti ní ojú ẹrù," ni ó wí. "Ẹ gbé e lọ sínú ùà. Igun yẹn ti di tiyín."

"Bí ẹ bá yọ ọ́, bodè á wó, bàbá," ni Akíntóyè wí. "Ti ibí kò dà bíi ti Oǹdó."

Àgbà náà wo òpó, ó wo bodè. Lẹ́yìn náà ó ká aṣọ funfun rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin ọ̀nà, nínú oòrùn, láìní ohun tí yóò fi ẹ̀yìn tì. Àwọn olóyè wo ara wọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó tì í.

"Ìgbìmọ̀ dé," ni Adébùsóyè wí. "Àdúgbò Oǹdó, ẹ jókòó sí àyè yín. Kí lẹ wí sí ọ̀rọ̀ ùlú?"

Akíntóyè lọ sí ìdí Abiyamọ. Ó jókòó, ó sì fi ẹ̀yìn tì í bó ti máa ń rí àwọn àgbà tó ń ṣe é nínú ùà. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ tó wà lára igi náà kò tíì gbẹ. Ó rin aṣọ rẹ̀ dé awọ ara. Gbogbo Àkúrẹ́ ń dúró dè é. Ó la ẹnu. Ẹ̀yìn ló ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ó sì ti ní in báyìí. Ohùn ni kò jáde.